Òrùlé Tí A Là sí Méjì

Mansur ni orúkọ àbúrò ọkọ mi, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, n kò fi ẹnu mi pe orúkọ náà rí. Ó ti wà nílé kí n tó dé, ìyàwó kì í sì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ. Alfa ni mò ń pè é. Òun náà a máa pè mí ní Ìyàwó, pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹni pé àlejò tó wá kí wọn tó wá gbàgbé láti lọ ni mí. Wọ́n ní ẹnu ará Ìlọrin dùn ju iyọ̀. Ti Alfa tún dùn ju ṣúgà lọ, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń ṣọ́ra fún un ju ẹni tó ń pariwo lọ.

Ilé méjì la ní ní Pàkátà. Ti ọkọ mi, Abdulhaleem, àti ti Alfa jọ kọjú sí títì, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà. Yàrá kan ló wà láàárín wọn, lórí ilẹ̀ ọkọ mi, tí àwọn méjèèjì jọ kọ́ fún ìyá wọn kó lè máa gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Lọ́dún kan, ìjì ṣí páànù ilé méjèèjì lọ. Dípò kí oníkálukú tún tirẹ̀ ṣe, wọ́n kan òrùlé kan ṣoṣo bo gbogbo rẹ̀, láti igun ilé tiwa dé igun ilé ti Alfa, yàrá Ìyá sì wà lábẹ́ rẹ̀ ní àárín. Gbogbo agboolé wá wò ó. Lèmọ́mù wá ṣàdúrà sí i, ó ní òrùlé kan, ọkàn kan. Gbogbo wa ṣe àmín. Èmi ni mo se oúnjẹ tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí Abdulhaleem kú, àwọn alfa pín ogún rẹ̀ bí ìwé ṣe wí. Ọmọbìnrin méjì ni mo bí fún un, Sakinah àti Azeezah, àwọn ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilé. Wọ́n yọ ìdá tèmi. Wọ́n yọ ìdá kan nínú mẹ́fà fún Ìyá, wọ́n ní kó jẹ́ yàrá tó ń gbé yẹn. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù, tí kò fẹ̀ tó ẹní, bọ́ sọ́wọ́ Alfa. Ìyá ní òun gbọ́, kò sì sẹ́ni tó tún mẹ́nu kan ìdá tirẹ̀ mọ́. Ta ló ń rántí ogún arúgbó? Ojú ẹni tí a óò jogún rẹ̀ la fi ń wò ó.

Ohun tí Alfa gbà yìí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti da ọ̀dà sí títì iwájú ilé wa ló ti ń sọ pé ojú ṣọ́ọ̀bù ni ilé ẹ̀gbọ́n òun wà. Ó ní àwọn ọmọ mi obìnrin ni, ilé ọkọ ni wọn yóò lọ, pé èmi náà ṣì kéré, mo lè ní ọkọ mìíràn. Ó ti bá ẹnì kan tó ń ta fóònù sọ ọ́ pé òun yóò wó ilé náà kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún un. Mo sọ fún un pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wó ilé yìí yóò kọ́kọ́ wó èmi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má bínú, pé ọ̀rọ̀ lásán ni.

Ìgbà náà ni ìjọba ìbílẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ dróònù dé. Wọ́n kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀: wọn yóò fi ẹ̀rọ ya gbogbo ìlú láti òkè, wọn yóò fún gbogbo ilé ní nọ́ńbà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lára nọ́ńbà náà ni olóhun, kí ìjà ilẹ̀ lè tán. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́. Mo tilẹ̀ ti ṣa gbogbo ìwé ilé wa sínú báàgì kan, mo ń retí wọn.

Ọjọ́ tí wọ́n dé àdúgbò wa, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Fate, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ́sàn-án, mo rí nọ́ńbà pupa lára ògiri Alfa. Mo wá ara ògiri tèmi kiri, iwájú àti ẹ̀yìn, n kò rí nǹkan kan. Sakinah ní àwọn òṣìṣẹ́ náà bèèrè pé ta ni olórí ilé tó ní òrùlé gígùn yìí, Alfa sì jáde sí wọn, ó ní òun ni. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n lọ.

Mo bá a níwájú ilé níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Mo bi í léèrè pé ilé ta ló fi orúkọ ara rẹ̀ sí. Ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán kó tó dá mi lóhùn.

“Ìyàwó, ẹ̀rọ ló rí i bẹ́ẹ̀. Òrùlé kan ló rí. Ṣé èmi ni mo rán dróònù níṣẹ́ ni?”

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo wọlé lọ wá báàgì ìwé mi. 

Lọ́jọ́ kejì mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo gbé báàgì ìwé mi, mo lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ ń jẹ́ Adéníyì, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú ooru, tó ń fi kálámù kan tábìlì bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí ọ̀dọ́bìnrin kan ṣí kọ̀ǹpútà fún mi. Túnmiṣe ni orúkọ ọmọbìnrin náà, ará Ọ̀mù-Àrán ni, òun ló ń darí dróònù fún wọn. Ó fi ilé wa hàn mí láti òkè: páànù kan gbọọrọ, wọ́n fi ìlà ofeefee yí i ká, orúkọ Mansur sì wà láàárín. Ilé tí mo ti bímọ méjì, ilé tí wọ́n ti gbé ọkọ mi jáde, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìlà náà lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn.

Mo tú ìwé mi sórí tábìlì. Adéníyì kò wo ọ̀kan nínú wọn. Ó ní àwòrán ni àwọn ń lò báyìí, ìwé ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kì í ṣojúsàájú. Mo ní ẹ̀rọ tí kò lè mọ̀ pé ilé méjì wà lábẹ́ òrùlé kan, ṣé ẹni tó rán an níṣẹ́ kò ní ẹnu tó fi lè béèrè ni? Ó ní bí mo bá ní àròyé, kí n lọ mú ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára nọ́ńbà náà wá, kó wá fọwọ́ sí i pé òun kọ́ ló ni ín.

Ẹ gbọ́ o. Kí n lọ bẹ olè kó wá jẹ́rìí pé òun jalè. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní kí n máa lọ.

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí Túnmiṣe tó tẹ̀ lé mi jáde. Ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú sí òun, pé bí wọ́n ṣe ní kí àwọn ṣe é nìyẹn, òrùlé kan, nọ́ńbà kan. Lẹ́yìn náà ló ní ìkùukùu bo apá kan Pàkátà lọ́jọ́ tí àwọn ya á, àwọn sì ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti tún un yà. Ohun tí àwòrán tuntun bá fi hàn ni òun yóò kọ. Bí òrùlé bá jẹ́ méjì, nọ́ńbà yóò jẹ́ méjì.

Bóyá ó mọ ohun tó ń sọ fún mi, bóyá kò mọ̀. Èmi mọ ohun tí mo gbọ́. Kí n tó délé, mo ti yà sọ́dọ̀ Abdulwaris, káfíńtà.

Nígbà tó gbọ́ iṣẹ́ tí mo fẹ́ kó ṣe, ó bi mí léèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Ó ní òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń gé òrùlé tí kò jò. Mo ní tiwa ń jò. Ó bi mí pé ibo ni kí òun gé e sí. Mo fi hàn án: ní ẹ̀gbẹ́ ilé Alfa, lẹ́yìn yàrá Ìyá, kí yàrá náà lè wà nínú òrùlé tèmi. Orí ilẹ̀ ọkọ mi ni yàrá náà wà, n kò sì ní fi ilẹ̀ tó tó àtẹ́lẹsẹ̀ sílẹ̀ fún olè. Ti pé Ìyá ń gbé inú rẹ̀, n kò rò ó kọjá kí n sọ fún un pé ariwo ayùn máa wà.

Ìyá jókòó sórí ẹní rẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, ó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni wọ́n fẹ́ gé. Mo ní òrùlé. Ó ní òrùlé tí Abdulhaleem kàn? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ilé Abdulhaleem. Ó padà sí tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Abdulwaris ò tíì gé páànù kejì tán nígbà tí Alfa jáde. Ó dúró sí ìsàlẹ̀, ó ń wo òkè, eérú ìpẹ̀pẹ́ irin ń ta sí i lára. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ ti ṣá. Àwọn ará agboolé ti bẹ̀rẹ̀ sí péjọ, ó sì mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́.

“Ìyàwó,” ó ní, “a kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Ní kó sọ̀kalẹ̀ kí ìtìjú yìí tó kọjá bó ṣe yẹ.”

“Mansur,” mo ní, “ilé mi ni mò ń gé.”

Ìyàwó ilé kan bo ẹnu. Káfíńtà tó wà lókè tilẹ̀ dá ayùn dúró, ó ń wò mí bí ẹni tó gbọ́ èébú. Mo tún pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó lè dá wọn lójú pé kò ṣèèṣì já bọ́. Ó dùn lẹ́nu mi. Ó yẹ kí n ti pè é láti ọjọ́ yìí wá.

Mansur wọlé láìsọ̀rọ̀. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé ọkùnrin yìí kì í dákẹ́ lásán.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo wà ní Fate, òun náà mú káfíńtà tirẹ̀ wá, ó ní kó gé òrùlé náà ní ẹ̀gbẹ́ tèmi, kí yàrá Ìyá lè bọ́ kúrò lára ilé mi. Nígbà tí wọ́n gé ìyẹn tán, páànù àárín kò ní ohun tó dì í mú mọ́ lọ́tùn-ún, kò sì ní lósì. Ni wọ́n bá tú u kalẹ̀, wọ́n ní kí atẹ́gùn má baà gbé e lu ènìyàn. Mo délé, mo wọ yàrá Ìyá láti kí i, mo rí ojú ọ̀run lókè. Ìyá jókòó sórí ẹní kan náà, eruku igi wà lára ìborùn rẹ̀.

Mo ní kí Ìyá máa bọ̀ ní pálọ̀ mi. Mansur gba ẹnu ọ̀nà kejì, èyí tó já sí ilé tirẹ̀, wọlé, ó ní kí Ìyá máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, òun ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Mo ní ọ̀dọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló yẹ kó wà. Ó ní ọ̀dọ̀ ọmọ tó bí ló yẹ kó wà. A ń du Ìyá mọ́ ara wa lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwa méjèèjì mọ ìdí rẹ̀: ẹni tí Ìyá bá sùn sílé rẹ̀ ni yóò sọ fún ìjọba pé òun ló ni yàrá. Ìyá wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó ní òun wà nílé òun.

Àwọn ọmọ mi ló wá ta tapólì bò ó lórí nírọ̀lẹ́, kí ìrì má baà pa á. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń ta á. Mo bínú sí àwọn náà. Àwọn gan-an ni mò ń tìtorí wọn jà.

Ọjọ́ tí dróònù padà dé, mo ti tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, Mansur náà kò lọ síbi kankan. Túnmiṣe àti ọ̀gá rẹ̀ dúró sí ìta gbangba iwájú mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀rọ náà gbéra, ó ń kùn, àwọn ewúrẹ́ sá. Èmi dúró lápá ọ̀tún Túnmiṣe, Mansur dúró lápá òsì rẹ̀, àwa méjèèjì ń yọjú wo gíláàsì ohun tó fi ń darí rẹ̀. Mo rí ilé tèmi, mo rí tirẹ̀, etí páànù tí wọ́n gé ń kọ mànà nínú oòrùn. Òrùlé méjì gedegbe. Mo rí i pé mo ti borí, mo sì wo ojú Mansur kí òun náà lè mọ̀.

Túnmiṣe mú ẹ̀rọ náà wálẹ̀ díẹ̀.

“Mà, ẹnì kan wà nínú ibẹ̀.”

Ó tọ́ka sí àárín òrùlé méjèèjì. Ìyá ti ká tapólì náà kúrò lórí ara rẹ̀, ó ti ṣẹ́ ẹ po sí igun yàrá. Ó jókòó sórí ẹní nínú yàrá tí kò lórùlé, pẹ̀lú ìborùn funfun rẹ̀, ó gbójú sókè sí ẹ̀rọ náà. Kò ṣẹ́jú. Ẹ̀rọ ló ń wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú gíláàsì yẹn, èmi àti Mansur ló ń wò. N kò rí arúgbó kan láti òkè rí. Bó ṣe kéré tó bà mí lẹ́rù.

Adéníyì ní òrùlé méjì, nọ́ńbà méjì, ó ti yanjú. Túnmiṣe ní ó ku ti àárín, nítorí ògiri wà níbẹ̀, ènìyàn sì ń gbé inú rẹ̀. Ó bi wá pé ta ló ni ín.

“Èmi ni,” mo ní.

“Èmi ni,” Mansur ní.

Ẹnu kan náà la fi sọ ọ́. Adéníyì mí kanlẹ̀, ó ní ẹ jẹ́ ká lọ wò ó. A wọ́ lọ sí yàrá Ìyá, gbogbo agboolé sì tẹ̀ lé wa débi tí ẹsẹ̀ gbà wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni tó dúró dáadáa, Mansur ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé pé ìyá òun nìyí, pé òun lòun ń tọ́jú rẹ̀. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé ilẹ̀ ọkọ mi. Ohùn wa gòkè, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí ẹnikejì ń sọ.

Ìyá gbé ọwọ́ sókè. Túnmiṣe ló kọjú sí, kì í ṣe àwa.

“Ọmọ mi, kọ ọ́ sílẹ̀. Hadiza ni orúkọ mi. Ọmọ mi kú, wọ́n pín ogún rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́fà ni tèmi, ibí yìí sì ni. Àwọn alfa tó pín in ò tíì kú tán, ẹ lọ bi wọ́n.”

Mansur ní Ìyá, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́ nílé ná. Ìyá yíjú sí i, ó sì yíjú sí mi.

“Ẹ̀yin méjèèjì ká òrùlé lórí mi, kí ẹ lè fi han ẹ̀rọ pé ẹ kì í ṣe ara yín. Ẹ̀rọ ti rí i. Èmi náà ti rí i.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka iye àgbo tó kù nílé. Túnmiṣe kọ Hadiza sílẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun ya fọ́tò rẹ̀, Ìyá sì tún ìborùn rẹ̀ ṣe fún un.

Nọ́ńbà mẹ́ta ló wà lára ògiri wa báyìí. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti tán. Oní-fóònù ti lọ wá ibòmíràn. Orúkọ èmi àti àwọn ọmọ mi ló wà lára ilé wa nínú kọ̀ǹpútà ìjọba, ìlà ofeefee sì yí i ká. Inú mi dùn sí i, n kò ní purọ́. Bí mo bá kọjá níwájú Mansur, mo máa ń pè é ní Mansur.

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìyá wá láti Òkèlèlè, wọ́n kan òrùlé kékeré tuntun lé yàrá rẹ̀ lórí. Ó ní kí wọ́n má jẹ́ kó kan tèmi, kí wọ́n má sì jẹ́ kó kan ti Mansur. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀; òjò a máa gba àárín wọn kọjá lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí ilẹ̀kùn tó wọ ọ̀dọ̀ mi, kí wọ́n dí èyí tó wọ ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, kí wọ́n sì la ẹyọ kan sí ẹ̀yìnkùlé, lójú ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà. Mo bi àwọn tó ń po sìmẹ́ǹtì pé ta ló rán wọn. Wọ́n ní olóhun ni.

Ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo se ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tí Ìyá fẹ́ràn. Mo gbé e jáde sí títì, mo gba iwájú ilé Mansur kọjá, mo yí lọ sí ẹ̀yìn, àwo náà ń gbóná mọ́ mi lọ́wọ́. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, láti yàrá mi ni mo ti máa ń na ọwọ́ oúnjẹ sí i. Mo dúró lójú ọ̀nà bí alágbe, mo kan ilẹ̀kùn, mo sì ṣe sálámà.

Ìyá dáhùn sálámà náà. Ó ní, “Ta ni yẹn?”

“Èmi ni, Ìyá. Àìṣà.”

Mo ń gbọ́ tẹ̀sùbáà rẹ̀, bó ṣe ń já kóró kan lu òmíràn. Ohùn mi kò ṣàjèjì sí i. Ó ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ìyàwó tuntun.

“Àìṣà ilé wo?”